Ilẹ̀kùn Inú Tẹlifíṣàn

Ọjọ́bọ̀ ni. Iná ọba ṣàánú Iléṣà,
ó dé nígbà tí aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú márùn-ún.
Gbogbo Bọ́lọ́rundúró bá ya wọ pálọ̀ mi,
torí tèmi nìkan ni àwòrán rẹ̀ kì í gbọ̀n rìrì.
Wọ́n ti ń kéde fíìmù náà láti ọjọ́ Àìkú:
ọkùnrin mẹ́ta yóò ká ìdílé kan mọ́lé,
òjò yóò máa rọ̀, fóònù kò ní í lọ.
Ẹni tí kò rí àga jókòó sórí jẹnẹrétọ̀ mi tó ti kú.

Fọlọ́runṣọ́ káfíńtà ló kọ́kọ́ bínú.
"Ilẹ̀kùn wo nìyẹn? Páálí ni!
Ẹ wò ó, ìṣó méjì péré.
Tó bá jẹ́ èmi ni mo kan ilẹ̀kùn yẹn,
àwọn olè ì bá ṣì wà nínú òjò di ìsinsìnyí,
kí òtútù mú wọn, kí wọ́n máa lọ sílé."
A rẹ́rìn-ín, torí gbogbo wa la mọ̀
pé kọ́tìnnì ni Fọlọ́runṣọ́ fi ṣe ilẹ̀kùn ilé tirẹ̀.

Sájẹ́ǹtì Ògúnmọdẹdé, tó ti fẹ̀yìn tì, ń ka ọta:
"Mẹ́fà. Méje. Mẹ́sàn-án!
Ìbọn ọlọ́ta mẹ́fà! Ta ló ń bá a kì í?"

Mọ́rẹ́nikẹ́ ní orin rẹ̀ ló ba nǹkan jẹ́:
kí olè tó dé ẹnu ọ̀nà, fèrè ti ń sunkún,
bí ẹni pé wọ́n ránṣẹ́ ṣáájú pé àwọn ń bọ̀.
Tìmílẹ́yìn, ọmọ ọdún méje,
béèrè ajá tí a rí níbẹ̀rẹ̀, tó ń jẹ eegun.
Ajá ńkọ́? Kí ló dé tí kò gbó?
Kò sẹ́ni tó lè dá a lóhùn.

Èmi ní kò bà mí lẹ́rù rárá.
Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ìyá Bámitálẹ́ kò gbójú kúrò lára ọsàn tó ń bó.
"Wọn kì í pariwo," ló wí.
A rò pé fíìmù ló ń bú.
"Àwọn tó wá bá wa lọ́nà Òṣú,
lọ́dún tí ọkọ mi ta kòkó tó pọ̀,
wọ́n kan ilẹ̀kùn. Wọ́n ní ẹ kú alẹ́ o.
Ọ̀kan bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà.
Ó ní kí n fún òun lómi. Ó mu ún tán, ó dúpẹ́.
Mo mọ ohùn yẹn.
Nọ́ọ̀sì ni mí nígbà náà, ọwọ́ mi ni ìyá rẹ̀ bí i sí."
Sájẹ́ǹtì béèrè bóyá ó fẹjọ́ sùn.
Ó ní rárá.
Èèpo ọsàn náà gùn dé ilẹ̀, kò já.

Nínú tẹlifíṣàn, bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé àáké sókè ni,
iná lọ.
A kò mọ ibi tí àáké náà bọ́ sí.
Lálẹ́ mìíràn, à bá ti ké "háà!",
à bá ti ṣépè fún ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná.
Olúkálùkù ń wá bàtà rẹ̀ nínú òkùnkùn,
wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì, wọ́n lọ.

Mo dúró, mo ń gbọ́ àdúgbò.
Ìdábùú ilé Sájẹ́ǹtì dún: gbà!
Ti Mọ́rẹ́nikẹ́, kọ́kọ́rọ́ méjì.
Níbi tí kọ́tìnnì wà,
mo gbọ́ tí ẹnìkan ń wọ́ àpótí nílẹ̀, gìrìrì, gìrìrì.

Èmi tí kò bà lẹ́rù, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tilẹ̀kùn.
Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó ni, ẹnìkan kàn án jẹ́jẹ́.
"Ẹ kú alẹ́ o."
Tìmílẹ́yìn ni. Ó gbàgbé bàtà rẹ̀.
Mo béèrè orúkọ bàbá rẹ̀. Mo béèrè ti ìyá rẹ̀.
Ojú fèrèsé ni mo ti na bàtà náà sí i.