Àmì Ìdọ́gba ní Ìparí Ìlà

Ní Klaksvík, òjò kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé.
Sunnvá jókòó sí yàrá ẹ̀yìn ilé-ìkàwé ìlú,
fáìlì mọ́kànlélógójì níwájú rẹ̀,
ogún Hjalgrím, olùtọ́jú iná etíkun,
tó fi ìka méjì tẹ̀wé fún ọdún mẹ́tàdínlógún,
tó ń fi gbogbo rẹ̀ pamọ́ bí ojú-ìwé ayélujára
nítorí ọmọdé kan ló sọ fún un
pé bẹ́ẹ̀ ni fọ́tò ò fi ní sá kúrò lára ọ̀rọ̀.

Kọ̀ǹpútà tuntun wò wọ́n, ó mirí.
Ó ní òun ò mọ ẹni wọ̀nyí rí.

Sunnvá bá gba ẹ̀yìnkùlé.
Ó wá ẹ̀rọ tí kò mọ ẹwà,
èyí tí ń fi lẹ́tà han ní ìhòòhò, ó fi ṣí ọ̀kan.
Háà!
Àmì ìdọ́gba káàkiri
bí ìpẹ́ ẹja lára apá alásè.

Lókè pátápátá: ọjọ́, wákàtí, irú ẹrù tó wà nínú páálí.
Lẹ́yìn náà okùn gígùn kan,
dáàṣì, dáàṣì, àmì ìdọ́gba, lẹ́tà, nọ́ńbà jáǹtirẹrẹ.
Àlà nìyẹn. Níbi tó bá ti yọ, ilẹ̀ ẹlòmíràn ló bẹ̀rẹ̀:
ọ̀rọ̀ ń gbé lọ́tọ̀, fọ́tò ń gbé lọ́tọ̀,
ìwé kékeré kan sì wà nísàlẹ̀ tó ń ka orúkọ ará ilé.

Imú ẹlẹ́dẹ̀ kì í wọgbà lẹ́ẹ̀kan.
Ó pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà: ibi tí dáàṣì bá ti tò, gé e.
Kọ̀ǹpútà, ìránṣẹ́ tí kì í bi ọ̀gá léèrè, gé e.
Ó gé ìjì oṣù Kejì kúrò lára ọkọ̀ tó rì sínú rẹ̀.
Ó fi orí àgùntàn síbí, ó ju ìrù sọ́hùn-ún.
Àṣé Hjalgrím náà a máa fa dáàṣì,
ìlà kan láàárín ọjọ́ kan àti èkejì,
bí ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn kó tó lọ sùn.

Ó padà. Ó pe àlà lórúkọ tán,
títí dé nọ́ńbà ìkẹyìn.

Ó kan =F0.
Lẹ́tà wọn kan ló fara pamọ́ síbẹ̀, ð,
èyí tí wọ́n ń kọ tí wọn kì í pè.
Wọn kì í pè é, àmọ́ bí kò bá sí, ọ̀rọ̀ yarọ.
Àwa tí ẹ̀rọ ti ṣí àmì lórí ọ̀rọ̀ wa,
tó sọ ọkọ̀ di ọkọ, tó sọ ọkọ́ di oko,
ẹ má sọ fún wa pé ohun kékeré ni.

Fọ́tò ló wá pẹ́ jù.
/9j/ ló fi bẹ̀rẹ̀, ìlà lórí ìlà,
lẹ́tà mẹ́rìndínlọ́gọ́rin lórí ìlà kan, kò sí ibi ìsinmi.
Ó tú u bí ẹní ń yọ eegun ẹja,
ó retí ọkọ̀, ó retí ojú òkú.
Àtàǹpàkò Hjalgrím ló rí,
ó bo ìdajì àgbò.
Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Fáìlì ìkọkànlélógójì kò ní àlà ìkẹyìn.
Ó kàn dúró ni:
*Mo rí iná kan ní àríwá, kì í ṣe ti ọkọ̀, ó dà bíi =*
Ní ìparí ìlà, àmì yẹn kì í ṣe ìdọ́gba.
Ó ń wí fún òǹkàwé pé, mi ò tíì sọ̀rọ̀ tán,
ìlà tó ń bọ̀ ni kó o so mọ́ èyí.

Bárður, ọ̀gá rẹ̀, na ìka sí i: “Pàǹtí nìyẹn, pa á rẹ́.”
Ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú rẹ̀ ló ti pa rẹ́ láti àárọ̀.
Èyí, ó fi sílẹ̀.
“Ẹni tó bá kà á á rò pé àṣìṣe ni.”
“Jẹ́ kó rò bẹ́ẹ̀,” ni Sunnvá wí, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde.