Orúkọ Tí Wọ́n Fi Ṣe Èènì

Orí àpáta tó wà lẹ́yìn ilé ìwé wa ní Ògìdì
ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń bà sí bí ẹyẹ tó ti rẹ̀.
Ibẹ̀ la jókòó sí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì,
èmi, ìyá mi, àti Ooreọ̀fẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi,
fọ́ọ̀nù kan láàárín wa, bátìrì rẹ̀ ku ìdajì.
Ẹni tó ń ti oko bọ̀ kí wa ní "Ọ̀kún ò",
a ò gbọ́.

Ooreọ̀fẹ́ ní, "Ẹ san owó ilé ọdún kan,
wọ́n á fi orúkọ ṣe èènì fún yín."
Ìyá mi yíjú sí i.
"Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, mo gbọ́ ìyẹn.
Èwo ni pé kéèyàn háyà yàrá,
kí onílé tún máa sọ ọ́ lórúkọ?"

Ilé ọ̀hún kò ní ògiri. Kò ní ẹ̀yìnkùlé.
Inú ẹ̀rọ kan ló wà, nínú yàrá tútù kan,
ní ìlú tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò dé rí.
Mo ṣàlàyé títí, ó sú mi.
Mo ní ká kàn sọ pé ibẹ̀ la ó so aṣọ rẹ̀ rọ̀ sí
kí ẹni tó wà ní Kánádà lè rí i
láìwọ mọ́tò dé Kàbbà.
Ó ní, "Ó dáa. Ẹ kọ ọ́."

Mo tẹ Aṣọ Ọlábòmí, bó ṣe yẹ kí n tẹ̀ ẹ́,
bí tíṣà ṣe fi pàṣán kọ́ wa.
Ẹ̀rọ kọ̀ ọ́, ó fa ìlà pupa sí i nídìí.
Mo yọ ohùn òkè, ó kọ̀.
Mo yọ ohùn ìsàlẹ̀, ó kọ̀.
Hóró mẹ́ta tó wà lábẹ́ rẹ̀,
tí n kò mọ ẹni tí wọ́n ń dí lọ́wọ́,
mo ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí òkúta inú ìrẹsì.
Àlàfo àárín, ó ní kí n pa á dé.
Nígbà tó wá ku asoolabomi,
ó ní orúkọ yìí wà nílẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni.

Ìyá mi gba fọ́ọ̀nù, ó wọ jígí rẹ̀.
"Bomi? Ta ni mo fẹ́ bomi fún?"

Obìnrin tó ti lo ogójì ọdún nídìí òfì,
tó ń wọ ọmọ ọlọ́mọ láṣọ,
orúkọ rẹ̀ ni mo fọwọ́ ara mi tú síhòòhò yìí.
Mo ṣí gèlè orí rẹ̀, mo bọ́ bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀,
wọ́n wá mú ọ̀kan nínú hóró tí mo dànù,
wọ́n fi sí i lẹ́yìn, kí kọ́ọ̀mù tó tẹ̀lé e.

Mo ka ìlà ìsàlẹ̀, tó kéré bí ẹyin eèrà.
Ọdún kìíní, ọ̀fẹ́.
Ọdún kejì, ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún náírà,
bí ẹ kò bá sì san, ẹlòmíràn lè mú un.
"Mú orúkọ mi?"
"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."
"Kó máa jẹ́ ẹ?"
"Kó máa jẹ́ ẹ."
Ó rẹ́rìn-ín títí àpáta fi gbè é.
"Iyọ̀ àti oyin ni bàbá mi fi sọ mí lórúkọ.
Kò padà wá gba owó kankan títí ó fi kú."

A ṣáà san án. Owó kajú ni.

Nígbà tá a délé, ó mú ẹfun,
ó lọ síbi ilẹ̀kùn tó ń kọ orúkọ
àwọn tó jẹ ẹ́ lówó òwú sí.
Lábẹ́ Ìyá Ìbítóyè, lábẹ́ ìyàwó pásítọ̀,
ó kọ Aṣọ Ọlábòmí, ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún, oṣù Kẹta.
Ó fi gbogbo àmì rẹ̀ sí i.
Ó tún tẹ ẹfun mọ́ hóró ìkẹta
títí ẹfun fi kán.