Dírìlì Nínú Ọkọ̀ Bàbá

Bàbá mi, Oiva, kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jẹ búrẹ́dì nínú ọkọ̀ yìí.
Ó ní èérún a máa bímọ.
Ọdún mẹ́tàlélógún ló fi nu dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀
bí ẹni ń nu imú ọmọ tuntun,
ní Inari níbí, níbi tí oòrùn
ti ń gba ìsinmi lóṣù Kejìlá
láìdágbére fún ẹnikẹ́ni.

Lónìí, mo gbé dírìlì wọlé tọ̀ ọ́.

Ẹ má tíì bú mi.
Ìyá mi, Elli, ni èémí ń ṣahun sí.
Ẹ̀rọ kan ló ń bá a tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ afẹ́fẹ́,
kò tóbi ju páálí bàtà lọ,
ṣùgbọ́n ó ń lá iná bí ẹran tó rí iyọ̀.
Ọjọ́bọ̀ ni dókítà Rovaniemi ní ká wá:
wákàtí mẹ́rin lórí títì tó ti di yìnyín.
Bátìrì inú ẹ̀rọ, wákàtí méjì ààbọ̀.
Ìṣirò yẹn kò gba bírò.

Ihò iná tó bá ọkọ̀ wáyé wà níbẹ̀ o,
èyí tí àwọn amusìgá fi ń tanná sí sìgá;
ṣéńjì kan já sínú rẹ̀ lọ́jọ́ kan, tà!
Òórùn ike jíjó gba inú ọkọ̀,
Bàbá sì ń wo iwájú, ó ń wakọ̀ lọ
bí ẹni tí ṣòkòtò rẹ̀ kò lápò.

Aslak aládùúgbò wa ń fi fóònù darí ọwọ́ mi.
"Tú orí bátìrì. Dúdú ni kí o kọ́kọ́ yọ.
Wá irin ara ọkọ̀, ha ọ̀dà rẹ̀, kí o de wáyà dúdú mọ́ ọn.
Fíúsì ńkọ́?"
Mo ní ó wà lọ́wọ́ mi.
"Kì í ṣe ọwọ́ rẹ ló ń gbé. Ẹ̀gbẹ́ bátìrì ni,
kí iná tó bá fẹ́ ya wèrè
má bàa rìn jìnnà."

Ó bi mí: ṣé kí ihò náà máa bá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sùn,
àbí kó máa lajú sílẹ̀?
Èyí tó ń sùn kì í pa bátìrì.
Èyí tó lajú, bí o bá gbàgbé ẹ̀rọ sínú rẹ̀ mọ́jú,
òkú ọkọ̀ lo máa bá.
Mo ro ọ̀nà inú igbó, mo ro ẹ́ńjìnnì tó dákẹ́ lójijì.
Mo ní: jẹ́ kó lajú.

Nígbà tí mo yọ ike abẹ́ rédíò,
nǹkan ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.
Mo tan tọ́ọ̀ṣì.
Bébà súìtì. Mo kà á dé mọ́kànlélógójì kó tó sú mi.
Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni a ká bí ìwé ẹ̀bẹ̀,
tí a tì bọ àlàfo tí èékánná kan ṣoṣo lè gbà.
Láàárín wọn, èérún.
Èérún búrẹ́dì gidi, Bàbá mi.

Ìyá rẹ́rìn-ín lórí àga rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà gáréèjì,
ó rín in títí èémí fi tán, mo sáré tan ẹ̀rọ.
"Mo mọ̀," ló wí nígbà tó padà dé.
"Ta lo rò pé ó ń ra súìtì náà?"

Dírìlì ké. Ike dúdú ń já bọ́
bí òjò yìnyín tó ń ṣọ̀fọ̀.
Ihò náà wọ́ díẹ̀ sápá òsì. Mi ò lè tún un ṣe mọ́.
Mo ti sọ́kẹ́ẹ̀tì bọ̀ ọ́, mo dá dúdú padà sórí bátìrì,
iná aláwọ̀ ewé kan lajú,
kò ju ojú eku lọ.

A ò lọ síbì kankan. Ọjọ́ Ajé ṣì ni.
Ṣùgbọ́n Ìyá wọ ọkọ̀, ó ti wáyà bọ ihò,
ẹ̀rọ mí, òun náà mí,
ó ní kí n gbé búrẹ́dì wá, kí n fi bọ́tà sí i dáadáa.
Mo wo èérún tó ń já bọ́ sórí àga Bàbá.
Mi ò wá aṣọ ìnuǹkan.