Èyí Tí Kò Fọ́

Aago mẹ́ta òru, ní Cessy.
Yìnyín ti bo òrùlé ilé màlúù Anselme.
Lábẹ́ ibi tí àwọn màlúù ti ń jẹ àpọ̀jẹ,
níwọ̀n ọgọ́rùn-ún mítà sí ìsàlẹ̀,
púrótónì ń sáré yípo kìlómítà mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n,
ẹgbàárùn-ún ìgbà ó lé ẹgbẹ̀rún
kí èèyàn tó pe orúkọ ara rẹ̀ tán.
Màlúù ò mọ̀. Anselme ò bìkítà.

Ghislaine, àbúrò rẹ̀, ló wà nídìí ẹ̀rọ.
Ó ń sún aṣọ́nà rẹ̀ mọ́ etí ìtànṣán,
díẹ̀, díẹ̀ sí i, ó dúró,
bí ẹni tó ń yáná tí ò fẹ́ kí iná jó òun lọ́wọ́.
Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, èyí tó fọ́ ni wọ́n ń wá:
kó fọ́ yángá, kí èérún rẹ̀ fọ́n ká,
kí wọ́n ṣà á, kí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ.
Tirẹ̀ yàtọ̀.
Méjì tó pàdé, tó kanra,
tí ò fọ́, tí ò bímọ,
tí kálukú sì bá tirẹ̀ lọ,
àmọ́ tí ọ̀nà wọn ti wọ́,
wíwọ́ tí o ò lè rí àfi bí o bá tẹ̀ lé e jìnnà,
igba mítà ó lé ogún,
kí o tó lè sọ pé: háà, nǹkan ṣe é.
Ọ̀kan bá yà sápá òsì níhìn-ín,
èkejì á yà sápá ọ̀tún lọ́hùn-ún.
Ìbejì ni wọ́n nínú ìyapa.

Ó ní òjìji ni.
Ó ní àwọn tó fọ́ ló ń ju òjìji sẹ́yìn,
òjìji yẹn la fi ń wọn ìbú púrótónì.
Bí agbára eré bá sì ṣe ń pọ̀ sí i,
ṣe ni púrótónì ń sanra, tí ó ń dúdú sí i láàárín,
àfi bíi pé eré ni oúnjẹ rẹ̀.

Láàárọ̀ ó yà nílé búrẹ́dì.
Anselme ló ń jáde bọ̀, búrẹ́dì gígùn lábíyá.
Ọdún mẹ́rin, látìgbà tí wọ́n ti pín ilẹ̀ bàbá wọn.
Èjìká kan èjìká lẹ́nu ọ̀nà.
Kò sẹ́ni tó fọhùn.
Ìlẹ̀kùn padà dé, agogo kékeré dún.

Ghislaine ra tirẹ̀, ó sanwó,
ó gbàgbé ṣéńjì.
Níta, nínú yìnyín, ipa bàtà ẹ̀gbọ́n rẹ̀
kò lọ tààrà síbi ọkọ̀.
Ó yà díẹ̀ sápá òsì.

Ó wá bojú wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.