Olùṣọ́ Òtútù

Lẹ́yìn Ọba-Ilé, ní ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú Àkúrẹ́,
ilé kan wà tí kò ní fèrèsé.
Èmi Olúwatúyì ni mo ń ṣọ́ jẹnẹrétọ̀ rẹ̀.
Wọ́n ní iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni, wọ́n ní kí n má sùn.

Nínú rẹ̀, ohun kan so rọ̀ láti òrùlé,
ó ń dán bí idẹ tí wọ́n fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀,
àwo lábẹ́ àwo, páìpù tín-ín-rín lábẹ́ páìpù,
ó ń tẹ́ẹ́rẹ́ sí i bó ṣe ń bọ̀ nísàlẹ̀.
Ìdí rẹ̀ pátápátá ni òtútù ń gbé.
Kì í ṣe òtútù ọyẹ́ tí ń la ètè.
Dókítà Akínmọládùn ní òtútù orí òkè Ìdànrè lóru,
iná ààrò ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Mo bi obìnrin náà pé, kí lẹ fi òtútù tó báyìí pa mọ́?
Ó na ìka ọmọńdinrín sí mi.
Ó ní ohun tó wà níbẹ̀ kéré sí èékánná yìí,
kéré débi tí ẹnu ò lè kà á,
pé bí a kò bá tíì wò ó,
"bẹ́ẹ̀ ni" àti "bẹ́ẹ̀ kọ́" jọ ń gbé yàrá kan,
wọn kì í jà.
Kí ojú kàn án pẹ́ẹ́,
ọ̀kan á sá jáde, ìkejì á jókòó.
Kí ojú tó dé, ó ní, ibẹ̀ ni ìṣirò wa wà.

Ó rò pé kò yé mi.

A ti fọ́ kòkó lóko bàbá mi lẹ́yìn ìlú Oǹdó,
a ti dà á sínú agbọ̀n, a fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó.
Bàbá ní, ó di ọjọ́ mẹ́fà,
àfi ọwọ́ tèmi tí yóò yí i.
Lọ́jọ́ kejì, ọmọ ọdún mẹ́jọ, mo ká ewé sókè.
Ooru lù mí lójú, òórùn bí ọtí kíkan,
ooru náà kò sì padà sínú agbọ̀n mọ́.
Bàbá kò nà mí. Nígbà tí ó gbẹ, ó la hóró kan sí méjì,
inú rẹ̀ rí bí eérú.
Ó ní, ojú rẹ ló jẹ ẹ́.

Lóru Ọjọ́bọ̀, iná lọ.
Mo fa jẹnẹrétọ̀: ó wúkọ́, ó dákẹ́.
Omi ni wọ́n tà fún wa lórúkọ dísẹ́ẹ̀lì.
Kí n tó tú páìpù, kí n tó fi ẹnu fà á, kí n tutọ́,
ìṣẹ́jú mọ́kànlélógún.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi kó òtútù yẹn jọ,
bí ẹni ń ṣa ìrẹsì nínú yanrìn.

Dókítà jókòó sórí àpótí irinṣẹ́. Kò sunkún.
Ó ń wo nọ́ńbà tí ń gòkè, tí ń gòkè,
bí ọmọdé tó ń gun igi onígi.
Ìtàn ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti dé ẹnu mi,
ó dàpọ̀ mọ́ dísẹ́ẹ̀lì.
Mo ní, ẹ kú ìrọ́jú, mà á.
Ó ní, Ọ̀gbẹ́ni Túyì, ẹ tún un tàn.

Ọjọ́ kẹsàn-án rèé. Òtútù ti ń padà bọ̀.
Bí mo bá ń kọjá lẹ́nu ilẹ̀kùn yẹn,
mo máa ń yí ojú sápá kan.
Mo mọ̀ pé kì í ṣe ojú tèmi ni wọ́n ń wí.
Síbẹ̀, mo ń yí i.