Ìwé Ìwọ̀n

Nígbà tí ẹsẹ̀ ọ̀tún mi kọ̀ láti tẹ máṣíìnì mọ́,
mo gbé àga jáde sábẹ́ igi obì Ṣówándé
lẹ́yìn ilé wa ní Òde-Rẹ́mọ,
mo ń wo ewé
bí ẹni ń wo aṣọ tí télọ̀ mìíràn rán.

Ibẹ̀ ni mo ti rí i:
ewé kan ń rìn lórí ewé.
Mo fa awò mi wálẹ̀ sí imú.
Ewé kọ́, kòkòrò ni,
èjìká rẹ̀ fẹ̀ bí asà jagunjagun, ìdí rẹ̀ ṣóńṣó.
Ní àárín ẹ̀yìn, ẹni tó rán an
lẹ aṣọ onígun mẹ́ta kan mọ́ ọn,
ẹnu igun náà kọjú sísàlẹ̀,
kò sójú okùn, kò síbi tó ká jọ.
Ogójì ọdún ni mo fi rán aṣọ,
n kò rán irú igun bẹ́ẹ̀ rí.

Múréwá ọmọ ọmọ mi ní, "Bàbá, kí ló ń jẹ́?"
Mo ní n kò mọ̀.
Ìyá mi a máa pè é ní Má-fọwọ́-kàn-mí,
torí ẹni tó bá fọwọ́ kàn án,
ọbẹ̀ alẹ́ ọjọ́ náà kì í dùn lẹ́nu rẹ̀.
Múréwá fọwọ́ kàn án.
Ó gbóòórùn ìka, ó rẹ́rìn-ín, ó tún gbóòórùn ìka.
"Ó ń rùn bí ewé tí kẹrosíìnì dà sí."

La bá ń kọ wọ́n sínú ìwé ìwọ̀n mi,
láàárín àwọn oníbàárà tí kò padà wá gbaṣọ:
*Ìyá Ọ̀nàfúwà, àyà méjìlélógójì, apá mẹ́jọ.*
*Aláwọ̀ ewé, ó tó bọ́tìnnì kóòtù, ìwo rẹ̀ ní oríkèé márùn-ún.*
*Aláwọ̀ èèpo igi. Bí a kò bá mí sí i, kì í mira.*
*Ẹyin mẹ́rìnlá, abẹ́ ewé,*
wọ́n tò bíi bọ́tìnnì tuntun lára páálí,
ìyá wọn dúró lé wọn lórí,
kò jẹ, kò lọ.

Àwọn ọmọ jáde, róbótó, wọn kò níyẹ̀ẹ́.
Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n bọ́ ẹ̀wù sílẹ̀ kí wọ́n tó dàgbà.
Ẹ̀wù márùn-ún!
Kò sì sẹ́ni tó san owó ìránṣọ.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Ṣówándé gbé táǹkì oògùn pọ̀n.
"Àwọn wọ̀nyí ló ń fa obì mi gbẹ.
Kí ni n ó dì fún àwọn Hausa ní Sábó Ṣàgámù?"
Mo ní, "Wo ẹnu wọn ná."
Ẹni tó ń mu oje, ẹnu rẹ̀ tín-ín-rín,
abẹ́rẹ́ nọ́ńbà mọ́kànlá, ti aṣọ fẹ́lẹ́.
Ṣùgbọ́n aláwọ̀ èèpo igi yìí,
nọ́ńbà méjìdínlógún ló gbé sẹ́nu,
ti ẹni tó ń rán tapólì.
Wò ó, ó fi gún kòkòrò onírun tó ń jẹ ewé rẹ,
ó gbé e kọ́ bí aṣọ tí a sá.
Ọdẹ tó ń ṣọ́ oko fún ọ lọ́fẹ̀ẹ́ lo fẹ́ pa.

Ó wò ó títí.
"Mo ti po oògùn ná o," ó wí.
Ó fín igi mẹ́sàn-án,
ó fi èyí tó ṣíji bò mí sílẹ̀.
Kò sọ ìdí, n kò bi í.

Láàárọ̀ yìí, ewé kan já bọ́ sí itan mi.
Àwọn ẹyin náà ṣì lẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀.
Mẹ́tàlá ti ṣí ìdérí, wọ́n ṣófo.
Mo fi píìnì kan kan ewé náà mọ́ ojú ìwé
tí mo kọ ìwọ̀n ṣòkòtò tèmi sí,
kí ẹsẹ̀ yìí tó wú.
Múréwá ń bèèrè ẹyọ kan tó kù.
Mo ní kó lọ mú awò mi wá.