Ẹlẹ́dẹ̀ Inú Ẹ̀rọ

Lálẹ́ àná mo tọ́ ẹgbẹ̀rún ẹlẹ́dẹ̀ dàgbà
kí omi tíì mi tó hó.
Yàrá kan ni, lẹ́yìn ọgbà Kambai ní Zonkwa,
fáànù kò yí, bátìrì kọ̀ǹpútà ku díẹ̀.

Mo tẹ bọ́tìnì: a bí wọn.
Mo tún un tẹ̀: a já wọn lẹ́nu ọmú.
Ọgọ́sàn-án ọjọ́ kọjá bí ẹni tó sín lẹ́ẹ̀kan.
Ẹnikẹ́ni kò kó ìgbẹ́, ẹnikẹ́ni kò ra oúnjẹ.
Ẹlẹ́dẹ̀ inú ẹ̀rọ kì í pàfọ̀,
bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣoge.

Ìlà mẹ́ta gun ojú gíláàsì:
ìran funfun tó ti òkè òkun wá, ó ga fíofío;
ìran pupa, ó tẹ̀ lé e;
dúdú ìbílẹ̀, ìran tí Kambai ń sìn,
ń wọ́ nísàlẹ̀ bí ìgbín.
Ẹ̀rọ ní: ta dúdú, ra funfun.
Mo kọ ọ́ sínú ìwé.

Nígbà tílẹ̀ mọ́ mo bá a níbi tó ti ń da
gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ bùrúkùtù sínú ọpọ́n,
òórùn rẹ̀ ń ta wá nímú.
Ó wo ìlà mi, ó pẹ́.
“Oṣù wo nìyí?”
Mo ní kò lóṣù. Ọjọ́ ni, láti orí òdo dé ọgọ́sàn-án.
“Ẹrẹ́nà ńkọ́, tí páànù ń yan ènìyàn bí ẹ̀pà?
Ibà èṣí ńkọ́, tó gbá ọgbà Yashim mọ́ féfé?
Ìyá arúgbó yìí” —
ó na igi sí abo dúdú kan, etí rẹ̀ ti ya —
“funfun mẹ́rìnlá ló ṣojú rẹ̀ kú.”

N kò fèsì.
Eṣinṣin kan bà sórí ìwé mi,
níbi tí ìlà funfun ti ga jù gan-an.

Mo padà síwájú ẹ̀rọ.
Mo wá ibi tí mo lè kọ ooru sí.
Mo wá iye tí ìfaradà jẹ́,
bóyá nọ́ńbà kan, bóyá méjì;
kò sí nínú ìwé tí wọ́n fi kọ́ mi ní Zaria.
Mo ya òpó tuntun, mo fi òdo dí i mú ná,
mo kọ orúkọ sí i lórí: Kambai.

Mo tẹ bọ́tìnì.
Ẹgbẹ̀rún ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ tún lajú.
Bátìrì kú.
Nínú òkùnkùn mo ń gbọ́ ìyá arúgbó,
ó ń fi ẹ̀yìn ha ògiri mi.